Àwọ̀tẹ́lẹ̀ Ọmọ Oṣù Méje

Ohun tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin, ọwọ́ ara rẹ̀ náà ni kó fi hú u kí ilẹ̀ tó bo òun fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Mùnírà Abọ́dẹrìn ṣe sọ ọ́ ní ọ̀sán Sátidé tó pe ènìyàn mẹ́ta sí yàrá rẹ̀ ní Bantama, ní ìlú Kùmásì, tó ní ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí òun ti gbé sínú fún ọdún mẹ́fà, òtítọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde, kò gbọdọ̀ bá òun wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Kò sí ẹni tó mú un, kò sí ẹni tó fura sí i. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni wọn yóò la ikùn rẹ̀. Dókítà tó ṣàlàyé fún un kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: kókó kan ti dàgbà lára ẹ̀dọ̀ rẹ̀, bí wọn kò bá gé e, yóò pa á, bí wọ́n bá sì gé e, ó lè sùn kó má jí. Mùnírà dúpẹ́, ó jáde, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ilé ìwòsàn níbi tí àwọn awakọ̀ takisí ti ń pe èrò. Kì í ṣe ikú ló ń bà á lẹ́rù. Ohun tó ń rò ni pé bí òun bá kú, àwọn ènìyàn yóò dúró lé òun lórí, wọn yóò ní obìnrin rere ni Ọlọ́run mú lọ, Zàhràù ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò sì wà láàárín wọn, yóò máa ṣe àmín. Àmín Zàhràù yẹn ni ọkàn rẹ̀ kò lè gbà.

Ẹni àkọ́kọ́ tó pè ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àlùfáà Hàbíbùlláhì, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Asafo, tó sì máa ń ṣe wáàsí lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹni kejì ni Lùbnà, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó wọ ọkọ̀ èrò trotro wá láti Ayigya. Ẹni kẹta ni Zàhràù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Zàhràù kò wá lọ́wọ́ òfo. Láti ìgbà tí àìsàn ti dá Mùnírà dúbúlẹ̀, òun ló ń gbé oúnjẹ wá fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ọbẹ̀ ẹja tútù ló gbé wá lọ́jọ́ náà, ó sì ti ń wá ṣíbí kiri yàrá.

“Gbé e kalẹ̀, Zàhràù,” Mùnírà ní. “Jókòó. Bí o bá gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, bóyá wàá gbé ọbẹ̀ rẹ padà lọ.”

“Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ogún ni, fi í sílẹ̀ ná,” Àlùfáà dá a lóhùn. “Wàá jáde níbẹ̀ láyọ̀, ìńṣáálàhù.”

“Kì í ṣe ogún, Bùrọ̀dá. Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má dá mi lóhùn títí n óò fi sọ ọ́ tán. Bí ẹ bá dá mi dúró, ẹ̀rù yóò bà mí, n óò sì tún parọ́. Mo mọ irọ́ pa ju bí ẹ ṣe rò lọ.” Ó wá yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. “Zàhràù, Dabi rẹ, èmi ni mo pa á.”

Kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè mọ ohun tó ń sọ, ó yẹ kó mọ ohun tí Dabi jẹ́. Ará Ìlọrin ni bàbá Mùnírà àti bàbá Zàhràù, agboolé kan náà ní Asafo ni wọ́n ti tọ́ wọn, ọ̀dọ̀ ìyá Ashanti kan náà ni wọ́n sì ti kọ́ aṣọ rírán. Mùnírà yára lọ́wọ́, kò sì pẹ́ tí ara rẹ̀ fi kọ ìdí ẹ̀rọ. Ó gba ṣọ́ọ̀bù sí Ayigya, lẹ́bàá ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbé, ó ń ta aṣọ. Zàhràù ò kúrò nídìí ẹ̀rọ ní tirẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn aṣọ tí kò ní ọnà kankan: síńgílẹ́ẹ̀tì, tíṣáàtì ọlọ́rùn róbótó, ṣòkòtò péńpé, àwọ̀tẹ́lẹ̀ ọmọ ọwọ́. Funfun, dúdú, aláwọ̀ eérú, àti èyí tó dà bí èèpo ẹ̀pà. Kò ní òdòdó, kò ní àkọlé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí àwọn méjèèjì jọ ń jẹ kẹ́ńkè nídìí ẹ̀rọ, Zàhràù gbé ọ̀kan sókè, ó ní, “Mùní, ta ló máa ra aṣọ tó rí játijàti báyìí?” Mùnírà dá a lóhùn ní èdè Twi tí wọ́n fi dàgbà, ó ní, “Da bi.” Ìyẹn ni pé, bó pẹ́ bó yá, lọ́jọ́ kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Zàhràù rán ọ̀já yẹ́lò kékeré mọ́ ọrùn gbogbo aṣọ rẹ̀, ó kọ DABI sí i.

Láàárín ọdún mẹ́rin, Dabi ti gba Kùmásì kan. Kò wọ́n, kò sì yan ẹni tó ń wọ̀ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ̀ ọ́ lọ kíláàsì, ó ń wọ̀ ọ́ sùn. Awakọ̀ trotro ń wọ̀ ọ́. Ìyá ọlọ́mọ ń rà á méjì mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ohùn kò ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Ojú ìwé kan wà lórí fóònù tí àwọn ará Kùmásì ti ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọ́n rà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fa Dabi bí ẹran iléyá. Tíṣà kan tó ń jẹ́ Bánjí ní òun ti fọ tòun títí ọwọ́ fi ro òun, kò ṣá, kò ya. Ẹlòmíràn ní bí o bá wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ọrùn rẹ̀ á gbòòrò bí ẹnu àpò. Àwọn àgbà obìnrin Ìlọrin ní aṣọ tí kò lọ́nà, aṣọ opó ni. Ẹnìkan ní talákà ni Dabi ń bò láṣìírí, ẹnìkan fèsì pé talákà náà yẹ lẹ́ni tó ń wọ aṣọ tó dán. Zàhràù ń ka gbogbo rẹ̀, ó ń dá wọn lóhùn níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọrùn aṣọ pọ̀, ó fi ìlà ìránṣọ kejì kún un, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó bú u.

Ní ọjọ́ kan, ilé iṣẹ́ rédíò kan pe Zàhràù. Mùnírà tan rédíò sókè ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ayigya kí àwọn oníbàárà lè gbọ́, nítorí ó ti sọ fún gbogbo wọn pé òun lòun sọ aṣọ náà lórúkọ. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bèèrè pé níbo ni orúkọ yẹn ti wá. Zàhràù ní Ọlọ́run ló fi hàn òun lójú àlá. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń yan ṣòkòtò péńpé Dabi gbójú sókè wo Mùnírà. “Ei, Àńtí,” ó ní, “ẹ sì parọ́ fún wa paa.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mùnírà náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

“Ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyẹn,” ó sọ fún wọn lórí ibùsùn rẹ̀. “Ẹ̀rín akẹ́kọ̀ọ́ méjì mẹ́ta. Ẹ wò mí dáadáa. Ẹ rí ohun tí mo tìtorí rẹ̀ ba ayé ènìyàn jẹ́.”

Zàhràù tí wọ́n ní kó má sọ̀rọ̀ kò lè pa á mọ́ra. “Mo ní àlá ni?” ó bi í. Ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tó ń wá nǹkan nínú òkùnkùn. “Mùní, n kò rántí. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sí mi lẹ́nu lọ́jọ́ náà ń bà mí lẹ́rù, ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu ni mo sọ. Bí o bá bi mí lọ́jọ́ kejì, wàláhì, ǹ bá padà lọ síbẹ̀ lọ tún un sọ.”

“Mo mọ̀. Mo mọ̀ nígbà náà. Ìdí tí n kò fi bi ọ́ nìyẹn. N kò fẹ́ kí o tún un ṣe. Mo ti rí ohun tí mo lè fi bínú sí ọ, n kò fẹ́ kí o gbà á lọ́wọ́ mi.”

Ó sọ bí òun ṣe ṣe é. Ó fi orúkọ mẹ́ta tí kì í ṣe tirẹ̀ wọ ojú ìwé náà. Ọ̀kan jẹ́ ìyá àgbà tó ń kanra, ọ̀kan jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi Pidgin ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀kẹta ló burú jù: ọ̀rẹ́ Dabi ni, ó ń gbèjà rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ṣe ń gbèjà ni aṣọ náà ń rí bí ohun tó nílò agbẹjọ́rò. Mùnírà á jókòó lẹ́yìn káńtà, á bá ara rẹ̀ jà, á bú ara rẹ̀, á tún la ara rẹ̀. Àwọn ènìyàn gidi á wá bọ́ sí i. Bánjí tíṣà bá ọ̀kan nínú orúkọ mẹ́ta náà fa ọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì, kò mọ̀ pé obìnrin tó ń tà á ní Dabi ló ń bá jà. Síbẹ̀ àwọn tó fẹ́ràn aṣọ náà kò dín kù. Ní òpin ọ̀sẹ̀, Mùnírà á lọ kí Zàhràù ní Asafo, Zàhràù á gbé fóònù fún un, á ní, “Wò ó, Mùní, kí ni mo fi ṣe obìnrin yìí?” Mùnírà á ka ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kọ, á mi orí, á ní, “Má dá a lóhùn. Ayé ni.”

Ìgbà náà ló lọ bá Rachael, obìnrin Nàìjíríà tó ń ta tíṣáàtì òkè òkun lódìkejì ilé iṣẹ́ Zàhràù. Ó ní kó bá òun tan ọ̀rọ̀ kan kálẹ̀ lọ́jà: pé kì í ṣe aṣọ tuntun ni Zàhràù fi ń rán Dabi, pé aṣọ tí wọ́n fi ń bo òkú ní yàrá òkú ló ń rà, ló ń pa láró, ló ń gé.

“Sista Mùnírà,” Rachael sọ fún un, “ọ̀rẹ́ rẹ mà ni.”

“Ọ̀rẹ́ mi ni. Ta ló tún lè mọ̀ ọ́n jù mí lọ?”

Ìdáhùn yẹn ló mú kí Rachael gbà á gbọ́. Rachael ti padà sí Nàìjíríà báyìí, Mùnírà kò sì fi ọ̀rọ̀ náà dẹ́bi fún un. Ó ní irọ́ tí òun fi ẹnu ọ̀rẹ́ pa, kò sí ọjà tí kò ní rà á. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn mééti, ìyẹn kọ̀ńdọ́ trotro, fi ń pariwo rẹ̀ ní gáréèjì Kejetia pé ẹni tó bá wọ Dabi kó bọ́ sílẹ̀, òkú ń bá a wọkọ̀. Zàhràù ṣí ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, ó ní kí ẹni tó bá wù wá wo ìdì aṣọ tó dé láti ilé iṣẹ́ ìhunṣọ pẹ̀lú èdìdì rẹ̀. Àwọn tó wá ní kò fi èyí tó burú hàn. Mùnírà tún lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi ìbẹ̀rù Ọlọ́run bi í pé kí ni Mùsùlùmí lè ṣe sí aṣọ tí ìwẹ̀nùmọ́ rẹ̀ kò dájú. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Àlùfáà ṣe wáàsí lórí ohun tó rúnilójú, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, gbogbo mọ́sáláṣí sì mọ ẹni tó ń bá wí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ibẹ̀ yẹn, Àlùfáà Hàbíbùlláhì fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ sórí ìtẹ́lẹ̀. “Àsìtàgafírúlàhì,” ó ní. “Ìwọ lo wá bi mí. Mo rò pé ẹ̀rí ọkàn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.”

“Mo fi yín ṣe irin iṣẹ́, Bùrọ̀dá. Mo fi gbogbo yín ṣe irin iṣẹ́.”

Síbẹ̀ Dabi kò ṣubú. Ìdajì ìlú gbà á gbọ́, ìdajì ní irọ́ ni. Ṣé ẹ rí i, ohun tí ènìyàn gbọ́ lásán, ó lè jiyàn rẹ̀. Ohun tó bá fojú rí kì í ṣeé jiyàn. Mùnírà yára sọ èyí tó kàn, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń gba orí afárá tí kò dá a lójú. Ó ní lẹ́yìn ìyẹn ni fọ́tò Hàjàrá jáde. Hàjàrá ni ọmọ Lùbnà, ọmọ oṣù méje nígbà náà. Àyà rẹ̀ pọ́n, ó lé ròrò, awọ bó, àwọ̀tẹ́lẹ̀ Dabi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú fọ́tò pẹ̀lú ọ̀já yẹ́lò rẹ̀. Gbogbo Kùmásì rí i. Lọ́jọ́ kejì, Lùbnà gbé ọmọ náà lọ sí Asafo, ó dúró níwájú ilé iṣẹ́ Zàhràù, ó ṣí àyà ọmọ rẹ̀ fún ọjà. Kò ní kí ẹnikẹ́ni sun nǹkan. Ṣùgbọ́n wọ́n wọ́ aṣọ jáde, wọ́n kó o jọ sójú títì, wọ́n ṣáná sí i, iná ràn mọ́ pátákó ẹnu ọ̀nà. Gladys, obìnrin Ashanti tó jẹ́ olórí àwọn aránṣọ níbẹ̀, sáré wọlé lọ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó gbé e jáde. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jóná débi pé ìka mẹ́ta ká mọ́ra wọn, wọn kò sì ṣí mọ́ di òní. Bẹ́ẹ̀ ni Dabi ṣe parí.

Nígbà Ààwẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá Zàhràù kú. Ìyá náà ti ń bèèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá wá kí i pé ṣé lóòótọ́ ni ọmọ òun ń ta aṣọ òkú. Zàhràù fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé likafánì ìyá rẹ̀ lára aṣọ funfun tuntun, ó gbé e wá. Àwọn obìnrin tó fẹ́ wẹ òkú wo aṣọ náà, wọ́n wo ara wọn, wọn kò nawọ́ gbà á. Mùnírà ló dìde, tó lọ sọ́jà, tó ra aṣọ mìíràn wá. Gbogbo agboolé ní irú ọ̀rẹ́ báyìí ṣọ̀wọ́n. Wọ́n ṣàdúrà fún un.

“Mo gba àdúrà náà,” Mùnírà ní. “Mo ṣe àmín. Zàhràù, o dì mọ́ mi, o ń sunkún sí mi léjìká, mo sì ń fọwọ́ pa ọ́ lẹ́yìn. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn. Mo ti sọ ọ́. Ẹ forí jì mí.”

Lùbnà ti fi ìborùn bojú, ó ń sunkún nítorí ọwọ́ Gladys. Zàhràù kò sunkún. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Mùní,” ó ní, “gbogbo èyí tí o sọ, mo mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. N kò mọ ẹni tó ń pa á ni. Irọ́ aṣọ òkú kọ́ ló lé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ. Iná náà kọ́. Mo lè tún ilé kọ́. Ọmọ yẹn ni. Mo rí àyà rẹ̀ pẹ̀lú ojú mi. Mo tọ aláró mi lọ, mo ní kó búra fún mi. Mo fi irú àwọ̀tẹ́lẹ̀ yẹn gan-an sí ara mi fún ọjọ́ mẹ́ta, kò ṣe mí ní nǹkan kan, mo ní bóyá nítorí pé ara àgbà ni. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run kó forí jì mí pé mo fi aṣọ tí mo rán jó ọmọ ọlọ́mọ. O kò sọ ohun tó ṣe Hàjàrá. Kí ló ṣe é?”

Mùnírà pa ojú dé. Ó ti rò pé òun lè lọ láìsọ ọ́. Ó ti sọ fún ara rẹ̀ ní gbogbo òru pé bí òun bá sọ ìyókù, Ọlọ́run yóò fi èyí bo òun láṣìírí. Ìyẹn gan-an ni ìwà tó ń jẹ́wọ́ rẹ̀, ó sì tún fẹ́ hù ú nídìí ìjẹ́wọ́ náà.

“Lùbnà,” ó ní, “jọ̀ọ́, ṣí ojú rẹ.”

Lùbnà ṣí ojú.

“Ìwọ ṣì wà ní yunifásítì nígbà náà, o máa ń gbé Hàjàrá sílẹ̀ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù bí o bá ń lọ kíláàsì. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo rẹ àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ sínú búlíìṣì, omi líle tí a fi ń mú aṣọ funfun mọ́. N kò fi omi lásán ṣàn án. Mo fún un, mo sá a díẹ̀, mo wọ̀ ọ́ fún ọmọ náà, mo fi aṣọ òtútù bò ó mọ́lẹ̀. Mo rò pé yóò kàn pọ́n díẹ̀ ni, ohun tó máa tó fún fọ́tò. Oníbàárà dé. Mo dá wọn lóhùn. Ọmọ ń sunkún, mo ní ebi ni. Nígbà tí mo fi ṣí i, o ti mọ bó ṣe rí.”

Lùbnà kò pariwo. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bèèrè ọ̀nà lọ. “Ìyá, lẹ́yìn tó san, mo ṣì ń gbé e sílẹ̀ fún yín lójoojúmọ́. Fún ọdún kan gbáko.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹ bá mi sun ilẹ̀ ní ọsibítù. Ẹ ní kí n jẹun. Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé e lọ sí Asafo kí ayé lè rí i.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Lùbnà dìde, ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

Zàhràù ló kàn dìde. Ó dúró ti ibùsùn náà. “Orúkọ mi àti ilé iṣẹ́ mi, tèmi ni,” ó ní. “Màá rò ó bóyá mo lè fi í jì ọ́. Ọwọ́ Gladys kì í ṣe tèmi. Àyà Hàjàrá kì í ṣe tèmi. Likafánì ìyá mi, ìyá mi ni kó o lọ bẹ̀, bí o bá débẹ̀.” Ó ti ike ọbẹ̀ náà sún mọ́ ọn. “Jẹ ẹ́. O nílò agbára fún ọjọ́ Mọ́ńdè.” Ó lọ, kò sì tún gbé ọbẹ̀ wá mọ́.

Mùnírà kò kú. Wọ́n gé kókó náà, ó jí, ó rí àjà ilé, ó sì sunkún, nọ́ọ̀sì rò pé ìrora ni. Lùbnà ló wà níbẹ̀. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, ó ń ṣe gbogbo ohun tí ọmọ ń ṣe fún ìyá, kò sì bá a sọ ju “ẹ yíra padà” àti “ẹ lanu” lọ. Kò mú Hàjàrá wá.

Nígbà tó lè jókòó, Mùnírà wọ ojú ìwé àwọn òǹrajà yẹn pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀ àti fọ́tò ara rẹ̀, ó kọ gbogbo rẹ̀. Ó rò pé ìlú yóò sọ òun lókùúta. Wọn kò tilẹ̀ gbà á gbọ́ tán. Ẹnìkan ní Zàhràù ló fún un ní nǹkan kó wá wẹ òun mọ́. Ẹnìkan ní oògùn ọsibítù ló ń yí i lórí. Bánjí tíṣà nìkan ló kọ ọ́ pé òun ti mọ̀ tipẹ́, kò sì mọ nǹkan kan. Títí di òní, tí o bá dárúkọ Dabi nínú trotro, wàá rí ẹni tó máa sọ fún ọ pé aṣọ òkú ni. Irọ́ tó gba ọ̀sẹ̀ kan láti tàn, òtítọ́ kò lé e bá mọ́.

Ó lọ bá Gladys ní Asafo, níbi tó ti ń ta ẹyin sísè àti ata lílọ̀, tó ń fi ọwọ́ òsì bó èèpo rẹ̀. Mùnírà kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀, ó sọ ọ́ lédè Twi, láìfi ọ̀kan pamọ́. Gladys gbọ́ ọ tán, ó bó ẹyin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó fi fún ẹni tó ń dúró dè é. “Mate,” ó ní. Mo ti gbọ́. “Kɔ.” Máa lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, ní àsàlátù àwọn obìnrin, ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀. “Ẹ̀yin ọmọ,” ó ní, “ẹ máa rò pé ọwọ́ yín kọ́ ló ṣe é nígbà tí orúkọ kì í bá ṣe tiyín. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣẹ̀ yín, ẹ lọ bi í léèrè lójú ẹsẹ̀, ẹ má ṣe fi ìbínú náà sí ìtọ́jú. Bí ẹ bá tọ́jú rẹ̀, ó máa dàgbà, ó máa bèèrè oúnjẹ, kò sì ní bìkítà ọmọ ẹni tí ẹ fi bọ́ ọ.” Àwọn kan tẹjú mọ́lẹ̀. Àwọn kan ń tẹ fóònù.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni Lùbnà mú Hàjàrá wá sí Bantama. Ọmọ náà ti ń sún mọ́ ọdún méje, ó ti ń lọ sílé ìwé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì ti rí àyà rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ eré, ó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lùbnà gbé e jókòó sórí àpótí níwájú Mùnírà. “Ó bi mí ohun tó ṣe é,” ó ní. “Mo ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. N kò ní bá yín sọ ọ́.” Ó fara ti ẹnu ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀.

Mùnírà sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ tí ọmọdé lè gbọ́. Ó ní òun ń bínú sí ọ̀rẹ́ òun, òun fẹ́ kí ayé kórìíra aṣọ tí ọ̀rẹ́ òun rán, òun sì fi omi tó ń jóni sí aṣọ náà, òun wọ̀ ọ́ fún un. Hàjàrá gbọ́ ọ, ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀ láti òkè aṣọ.

“Ṣé ó dùn mí?” ó bi í.

“Ó dùn ọ́ gan-an.”

“Ṣé mo sunkún?”

“O sunkún títí ohùn rẹ fi há.”

“Kí lẹ wá ṣe, Màmá àgbà?”

Mùnírà wo ọmọ rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Apá yìí, kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kì í ṣe fún Zàhràù, kì í ṣe fún Àlùfáà, kò sí lójú ìwé tó kọ. “Mo mú fóònù,” ó ní. “Mo ya fọ́tò rẹ.”

“Kí ẹ tó gbé mi?”

“Kí n tó gbé ọ.”